Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Blue Stone àti Iyọ̀ Fín Ọnà Sójú Àpótí Ẹ̀rọ

Àbúrò kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kọ́kọ́ to fuzz fún, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè ha kó sì nípọn. Ohùn rẹ̀ dáa. Mo fi máákà kọ orúkọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sójú àpótí rẹ̀, mo rò pé ó parí. Kò tó oṣù kan tí bàtà fi nu gbogbo ìkọ̀wé náà kúrò, ọmọkùnrin náà wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èwo ni fọ́líùmù nínú méjèèjì?" Mo lẹ sítíkà mọ́ èkejì, ìyẹn náà ṣí létí. Àtìgbà náà ni mo ti ń fín ọnà sójú àpótí. Ohun tó bá ti wọ inú irin, bàtà ò lè nù ún.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò jìnnà sí ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aládìrẹ á fi ìyẹ́ adìyẹ kó ẹ̀kọ láfún, á fi ya ọnà sára aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ọnà sí ni wọ́n máa ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ ra á. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti bò, aró ò ráyè débẹ̀. Bákan náà ni tiwa. Tónà dúdú inú pírǹtà lésà, tí a ó fi áyọ́ọ̀nù kó kúrò lára pépà lọ sára irin, ni ẹ̀kọ wa, omi tí a tú blue stone, òkúta búlúù kan, sí ni aró, àfi pé aró tiwa kì í pa nǹkan láró, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Ibi tí tónà bò á yọrí, ibi tí kò bò á jìn wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun: kì í sábà jẹ́ inú omi ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àpótí tí mo ti bà jẹ́, kí wọ́n tó dé inú omi ni wọ́n ti bàjẹ́. Ọ̀rá ọwọ́ tí mi ò fọ̀ kúrò ló bà á jẹ́, tàbí pépà tí mo kánjú bó. Bí ẹ bá rí i tí mo pẹ́ lórí fífọ̀ àti áyọ́ọ̀nù ju orí omi ìfín fúnra rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa wá

Àpótí alumíníọ̀mù tí wọ́n dà ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tí àwọn tó ń to ẹ̀rọ gìtá mọ̀ jù ni 1590B ti ilé iṣẹ́ Hammond, tó gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 112, tó fẹ̀ tó 60, tó sì ga tó 31. Ẹ ra èyí tí wọn ò kùn. Bó bá jẹ́ ọlọ́dà lẹ ti rà, ẹ ní láti ha gbogbo ọ̀dà ojú rẹ̀ dànù kí irin tó hàn. Ẹ lè ní kí àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ká páànù sí àpótí fún yín, bí páànù náà ò bá ti fẹ́lẹ́ ju mìlímítà kan lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ páànù wíńdò ló ní awọ líle tí wọ́n ti fi iná mànàmáná bò ó lára nílé iṣẹ́. Omi ò ní lè jẹ ẹ́ títí ẹ ó fi fi sáńdípépà bó awọ yẹn.

Blue stone ni copper sulphate, òkúta búlúù wínníwínní tó ń dán bí iyọ̀ ńlá. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn oko. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, torí òun ni wọ́n ń pò mọ́ láìmù tí wọ́n fi ń bá àrùn tó ń sọ odo kòkó di dúdú jà. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má lọ ta oògùn kòkó mìíràn fún yín o. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú pupa, kì í ṣe òun.

Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ló kù nínú èròjà omi. Ẹ wá áyọ́ọ̀nù, sáńdípépà 220, 400 àti 600, kútẹ́ẹ̀sì tí owó rẹ̀ ò pọ̀, asitóònù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe èékánná, tépù tó fẹ̀, abọ́ rọ́bà méjì tí ẹ ò ní fi jẹun mọ́ láé, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú, àti ìyẹ́ adìyẹ kan. Màá sọ ohun tí ìyẹ́ wà fún tó bá yá.

Pépà ló wá kù. Ìwé inú magasíìnì àtijọ́ tó ń dán tó sì fẹ́lẹ́ ló dáa jù, ẹ gé e kó bá A4 mu rẹ́gí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀ kò ní ìpalára kankan. Pírǹtà lésà tàbí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lẹ gbọ́dọ̀ lò, torí tónà inú wọn kì í ṣe omi: rọ́bà lẹ́búlẹ́bú ni, iná inú ẹ̀rọ ló ń yọ́ ọ mọ́ pépà. Bí iná bá tún kàn án, á tún yọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù lè kó o kúrò lára pépà lọ sára irin. Pírǹtà tó ń lo inki olómi kò lè ṣe é. Bí ẹ bá gbé ìwé magasíìnì lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ládùúgbò, ẹ múra àtibẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní ẹ fẹ́ ba ẹ̀rọ àwọn jẹ́. Èmi máa ń mú ìwé bíi mẹ́fà dání, mo sì máa ń sanwó gbogbo wọn, ì báà há, ì báà má há.

Yíyà ọnà náà

Lórí kọ̀ǹpútà, dúdú ni ibi tó máa yọrí, funfun ni ibi tí omi máa jẹ. Ẹ yí àwòrán náà sódì, bí ìgbà téèyàn ń wò ó nínú jígí, torí pépà yóò dojú dé irin. Mo ṣì ní àpótí kan nílé tí mo kọ ARIWO sí láì yí i. Àfi kéèyàn gbé e síwájú jígí kó tó lè kà á.

Omi kì í jẹ irin lọ sísàlẹ̀ nìkan, ó tún ń jẹ ẹ́ wọ abẹ́ tónà láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó bá tín-ín-rín ju ìdajì mìlímítà lọ, omi lè jẹ ẹ́ láti ọ̀tún àti òsì títí á fi já. Èdè tiwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, torí àwọn àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Mo ṣe fuzz kan tí mo pè ní ẸKÙN, mo jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ yọrí sókè. Àmì tó wà lórí U kò tó nǹkan, omi yí i ká, ó jẹ ẹ́ dànù. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá rí àpótí náà ló ń pè é ní ẹkún, wọ́n á ní abájọ tí ohùn rẹ̀ fi ń ké. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ máa jìn wọlé, kí ojú tó yí i ká máa yọrí: ẹ fi lẹ́tà funfun sórí dúdú. Bí omi bá wá jẹ ẹ̀gbẹ́, àmì náà á kàn fẹ̀ díẹ̀ sí i ni, kò ní pòórá.

Ọnà tí kò ní pápá gbalasa nínú ló dáa jù. Bí dúdú bá fẹ̀ jù, tónà ò ní bò ó délẹ̀, ihò wínníwínní á wà níbẹ̀. Bí funfun bá fẹ̀ jù, omi á jẹ ẹ́ gbágungbàgun. Ọnà àdìrẹ bá iṣẹ́ yìí mu púpọ̀ nítorí èyí, wọn kì í fi àyè sílẹ̀ lásán. Àdìrẹ Olókun máa ń pín aṣọ sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin, ojú kan ṣoṣo ti tó kún àpótí wa. Èyí tí mo lò jù ni ti Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n tò pẹ̀lú ṣíbí. Òpó rẹ̀ tọ́, ó nípọn, omi ò lè tètè jẹ ẹ́ já.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi àmì funfun roboto bíi mìlímítà kan sí àárín gbogbo ibi tí ihò bọ́tìnnì, ihò iná àti ihò ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ máa wà. Omi á jẹ ẹ́ wọlé díẹ̀, ẹnu dírìlì á sì jókòó síbẹ̀ láì yọ̀. Ẹ má tíì lu ihò kankan báyìí. Àpótí tó ti ní ihò, omi á gba ibẹ̀ wọ inú rẹ̀, á sì jẹ etí ihò náà.

Fífọ̀

Ẹ fi sáńdípépà 220 ha ojú àpótí náà sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ tó fi 400 tẹ̀ lé e. Ẹ wé sáńdípépà mọ́ pákó tó tẹ́jú, ẹ má fi ìka lásán tì í. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, ẹ da omi sí i, kí ẹ wá wò ó. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀, ó ti mọ́. Bó bá ṣù jọ bí omi òjò lórí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ funfun àti asitóònù nù ún lẹ́ẹ̀kan. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ lè dì mú. Ìka kan ṣoṣo tó bá kan ojú rẹ̀ ti tó kí tónà kọ̀ níbẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù

Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sí ibi gbígbóná tí wọ́n fi ń lọ aṣọ òwú, ẹ má fi omi sí i. Àpótí dídà nípọn, ó máa ń fa ooru mu, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé irin lásán fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé pépà lé e, kí ojú tónà kan irin, ẹ sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí tààrà láì fà á fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Tónà á ti dì í mú. Ìgbà yìí lẹ wá lè máa fi imú áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ yí ká, ẹ wo etí dáadáa torí ibẹ̀ ló máa ń kọ̀ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún tó fún 1590B. Bí iná bá ń ṣe bàìbàì, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná tó á fi ìdajì ọnà yín sílẹ̀ lára pépà.

Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fa pépà náà ya o. Ẹ fi àtàǹpàkò máa ra á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ra ìdọ̀tí kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ìpele àkọ́kọ́ á bó bí èèpo, àwọn àwòrán magasíìnì á bá a lọ, òwú funfun tó fẹ́lẹ́ á ṣẹ́ kù lórí ọnà. Ẹ tún fi í sómi, ẹ tún ra á. Inú àwọn ìlà tóóró ni òwú máa ń fara pamọ́ sí, bó bá sì tutù ẹ ò ní rí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: gbogbo ibi tó bá funfun bí eérú, òwú ni. Níbi tó yẹ kí omi jẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ lẹ máa fi yọ ọ́.

Bí ibi kékeré bá ṣí, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì dí i pẹ̀lú ẹnu igi ìtayín. Bí ibi tó ṣí bá ju ìdá mẹ́rin ọnà náà lọ, ẹ fi asitóònù nu gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Ẹ nù ún.

Ẹ wá fi tépù bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ẹ bo inú rẹ̀, kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kun etí ibi tí tépù ti pàdé ojú ọnà. Tépù tí ẹ bá jẹ́ kó yọ bí etí aṣọ lẹ́yìn, òun lẹ máa fi máa gbé àpótí wọlé-jáde nínú omi.

Omi ìfín

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí kò sí iná tàbí sìgá, torí gáàsì hydrogen máa ń jáde nínú ẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Ẹ tú ṣíbí ìmùkọ mẹ́rin blue stone, bíi gíráàmù 70, sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan, ẹ rò ó títí á fi yọ́, ẹ wá fi iyọ̀ tó wọ̀n bákan náà sí i. Bí iyọ̀ bá ṣe ń wọ̀ ọ́ ni búlúù á máa yí sí àwọ̀ ewé. Ó dùn ún wò, ó jọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí náà ẹ má ṣe bù ú sínú ike tí wọ́n fi ń ta ohun mímu láé, pàápàá nílé tọ́mọdé wà.

Alumíníọ̀mù ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi bò ó lára, blue stone nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Iyọ̀ ló ń fọ́ awọ yẹn. Bó bá ti fọ́, alumíníọ̀mù á máa yọ́ wọ inú omi, bàbà tó wà nínú omi á sì máa jáde wá gba àyè rẹ̀, kì í ṣe bàbà dídán o, ẹrẹ̀ pupa ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi èérún alumíníọ̀mù kan dán omi náà wò. Lẹ́yìn náà ẹ to ọ̀pá rọ́bà kéékèèké méjì sísàlẹ̀ abọ́, ẹ dojú àpótí dé sórí wọn, kí omi bo ojú ọnà nìkan. Mo fẹ́ràn kó dojú dé torí ẹrẹ̀ á máa jábọ́ fúnra rẹ̀ dípò kó jókòó sórí ọnà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó gbọ́ tó ń hó ṣìì bí ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sókè, ẹ rì í sínú abọ́ omi lásán, ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ gbá ẹrẹ̀ pupa náà kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń ha tónà. Ìyẹ́ kì í ha á.

Ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ abọ́. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè gbé e, ẹ yọ àpótí, ẹ jẹ́ kí omi tutù. Ooru máa ń mú kí omi jẹun kíákíá, ó sì máa ń tú tónà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ó yẹ kí èékánná yín máa kọ́ létí ìlà bí ẹ bá fi wọ́ ọ. Ó ti tó nìyẹn. Ẹ má wá jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ lẹ máa fi san án.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé kò sí èyí tó yá. Ferric chloride tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ẹ̀rọ yá, àmọ́ bó bá le, híhó ló máa hó lórí alumíníọ̀mù, á sì ká tónà kúrò. Ásíìdì hydrochloric burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bruce Onobrakpeya, àgbà ayàwòrán tó sọ Èkó di ilé, sọ pé ásíìdì yìí ló ba páànù síńkì tí òun ń fín jẹ́ ní 1967. Gọ́ọ̀mù ló fi dí ibi tó bàjẹ́, ibẹ̀ ló sì ti rí ọ̀nà ìfín tó pè ní plastograph. Kì í ṣe gbogbo wa ni oríire bẹ́ẹ̀ máa ń bá. Ní ti stainless, irin tí kì í dípẹtà, àwọn kan ń fi iná bátìrì àti omi iyọ̀ fín in: ẹ má dán an wò, chromium tó ń jáde níbẹ̀ lóró.

Omi tó ti ṣiṣẹ́ tán kì í ṣe ohun tí ẹ máa dà sí gọ́tà, ká má tíì sọ ẹ̀gbẹ́ kànga. Bàbà inú rẹ̀ ń pa ẹja. Ẹ máa ju èérún alumíníọ̀mù sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi lọ pátápátá, ẹ bu baking soda sí i títí kò fi ní hó mọ́, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹrẹ̀ tó bá rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá kó bá ìdọ̀tí lọ. Omi tó mọ́ lókè, ẹ bu omi púpọ̀ là á kí ẹ tó dà á nù.

Ọ̀dà, ihò àti vánìṣì

Ẹ fọ àpótí náà, ẹ bó tépù, ẹ fi asitóònù nu tónà àti kútẹ́ẹ̀sì kúrò. Ọnà náà á ti hàn, àmọ́ kò ní tíì là dáadáa, torí eérú ni ìsàlẹ̀, eérú ni òkè. Ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú bo gbogbo ojú rẹ̀, kó gbẹ dáadáa, ẹ wá fi sáńdípépà 400 tí ẹ wé mọ́ pákó ha orí rẹ̀. Ọ̀dà orí ibi tó yọrí á lọ, ti inú kòtò á dúró. Òpó Mápó á là lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tan iná. Èmi kì í dá a dúró níbí rí kí n má pe ẹnì kan wá wò ó. Ẹ fi 600 parí rẹ̀.

Ìgbà yìí lẹ wá lu ihò. Ẹ fi ẹnu dírìlì tóóró bẹ̀rẹ̀ nínú àmì tí omi ti jẹ, kí ẹ tó lo èyí tó tóbi. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà wọ inú àpótí: irin yẹn ni ilẹ̀ (earth) fún ẹ̀rọ, òun ló ń dènà ariwo iná tó máa ń wọ gìtá, ojú ibi tí ihò wáyà ti kan irin sì gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò. Gbogbo èyí, ẹ̀rọ bátìrì fóòtì (volt) mẹ́sàn-án ni mo ní lọ́kàn. Bó bá jẹ́ iná ilé ló máa wọ inú àpótí yín, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná bá yín so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn ná.

Ẹ fọ́n vánìṣì tí kò ní àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ogún ìṣẹ́jú wà láàárín wọn. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan, á jọ pé ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Ó di ọ̀la kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì kankan mọ́ ọn. Mo kánjú de ọ̀kan mọ́ ẸKÙN kejì lọ́jọ́ náà gan-an, òrùka nọ́ọ̀tì yẹn ṣì wà níwájú orí ẹkùn dòní.